Àpótí Onígun Mẹ́ta: Bí A Ṣe Kan Ilé fún Àsíá Tí Wọ́n Fi Bo Pósí Dádì

  Bó bá jẹ́ inú mọ́tò lẹ wà, tàbí ẹ̀ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, ẹ fi earpiece sétí dáadáa. Bó bá sì jẹ́ pé ṣe lẹ̀ ń kà á lórí fóònù yín, ohun tí mo sọ nínú ètò náà gan-an la kọ síbí. Àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan la yọ kúrò.

Ọ̀rọ̀ káfíńtà la fẹ́ sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì ti ń wo bọ́tìnì tó máa fi fò ó. Ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ ìyá tó sọ ọmọ nù wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí àwọn ẹbí wa ní Maryland, ní Amẹ́ríkà. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Dádì Maryland, ti kú ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Ó ṣe iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìntì. Ní ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù láti mú táwẹ̀lì, mo sì rí nǹkan búlúù kan tó ní ìràwọ̀ funfun lára, nínú ọ̀rá, láàárín bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti páálí bàtà. Àsíá tí wọ́n fi bo pósí Dádì ni.

Mo bi ọmọ wọn ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n mi ni, pé kí ló dé tó fi wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà ni. Wọn ò fẹ́ rí i rárá."

Ìyá àgbà ló bí Dádì, àwọn ló sì bí bàbá tèmi náà. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń gbé pẹ̀lú wọn níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ àṣà wa, òbí kì í sin ọmọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sin Dádì, inú yàrá ni Ìyá àgbà jókòó sí, wọn ò yọjú síta. Aṣọ tó sùn lórí pósí ọmọ wọn, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kó wà níbi tí ojú àwọn á ti máa rí i. Àǹtí, ìyàwó Dádì, ní tiwọn, kò fẹ́ kó kúrò nílé, torí àwọn ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́ níbi sàréè. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́bọ́ọ̀dù ṣe di ibùgbé rẹ̀.

Mo ní ká ra àpótí rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á rẹpẹtẹ. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Ó na ọwọ́ sí tábìlì tá a ti ń jẹun, ó ní, "Dádì ló fọwọ́ ara wọn kan èyí. Ṣé àpótí tiwọn la ó wá lọ rà?" Pákó igi oak méjì tí Dádì rà ṣì wà ní gáréèjì. Ìdí iṣẹ́ wa nìyẹn.

Àsíá wo ni?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Ní Amẹ́ríkà, bí ológun kan bá kú, tàbí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí tí kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú àbùkù, ìjọba máa ń fún ẹbí rẹ̀ ní àsíá kan lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi bo pósí. Iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ológun tó ti fẹ̀yìntì, tí wọ́n ń pè ní VA, ló ń pèsè rẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ni VA Form 27-2008, àwọn ilé ìfìwéránṣẹ́ sì máa ń ní àsíá náà lọ́wọ́. Ẹyọ kan péré ni wọ́n ń fún ẹnì kan. Bó bá sọnù, tó jóná, tàbí tí olè gbé e, VA kì í pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, òun ló jẹ́ kí àpótí yìí ṣe pàtàkì.

Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí pósí, ibi búlúù tó ní ìràwọ̀ ló máa ń wà ní apá orí, lókè èjìká òsì òkú. Kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀, wọn kì í sì í bá pósí sọ ọ́ sínú sàréè. Wọ́n á ká a kúrò, wọ́n á ṣẹ́ ẹ, wọ́n á sì gbé e fún ẹni tó sún mọ́ olóògbé jù lọ. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2000, òfin ní kí ó kéré tán ológun méjì wá ṣe é bí ẹbí bá béèrè, kí ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀ka tí olóògbé ti ṣiṣẹ́. Wọ́n á fun fèrè tí wọ́n ń pè ní Taps. Ológun tó gbé àsíá náà wá á kúnlẹ̀ tàbí kó bẹ̀rẹ̀ níwájú opó, á sọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ lórúkọ ààrẹ àti orílẹ̀-èdè.

Àwa náà ń ṣe irú rẹ̀ nílé. Nígbà tí wọ́n sin Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru àtàwọn tó bá a kú nínú jàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ló bo àwọn pósí náà ní Àbújá. Torí náà, bó bá jẹ́ pé ológun Nàìjíríà ni bàbá tàbí ìyá yín, ẹ má pa ètò yìí. Ọ̀nà kan náà ni iṣẹ́ náà ń gbà, ìwọ̀n nìkan ló máa yàtọ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ onígun mẹ́ta?

Àsíá ìsìnkú Amẹ́ríkà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 9½, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Òwú ni wọ́n fi hun ún. Ẹni méjì ló ń ṣẹ́ ẹ. Wọ́n á ṣẹ́ ẹ sí méjì ní òró, wọ́n á tún ṣẹ́ ẹ sí méjì lẹ́ẹ̀kan sí i, kí búlúù wà níta. Lẹ́yìn náà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tó ní ìlà pupa àti funfun, wọ́n á máa ká a ní onígun mẹ́ta lọ sí apá ìràwọ̀, ìgbà mẹ́tàlá. Tó bá parí, pupa kankan kò gbọdọ̀ hàn mọ́. Búlúù àti ìràwọ̀ nìkan lẹ máa rí.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ó jọ fìlà onígun mẹ́ta tí àwọn ọmọ ogun George Washington ń dé. Ẹ tún máa gbọ́ ìtumọ̀ fún ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá. Ìtumọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ kò sí nínú òfin àsíá Amẹ́ríkà.

Ní báyìí, ẹ mú calculator fóònù yín. Ẹsẹ̀ bàtà 5 jẹ́ ínṣì 60. A ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó di 30. A tún ṣẹ́ ẹ, ó di 15. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ kúkúrú onígun mẹ́ta yìí bẹ̀rẹ̀ láti ínṣì 15. Bí igun òkè bá jẹ́ 90 dígírì, tí igun ìsàlẹ̀ méjèèjì jẹ́ 45, ẹ̀gbẹ́ gígùn jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú lọ́nà 1.414. Ẹ fi 15 sọ 1.414 di púpọ̀, ẹ máa rí nǹkan bí ínṣì 21. Ṣùgbọ́n aṣọ ní ìnípọn. Bẹ́ ẹ ṣe ń ká a ló ń wú. Tiwa jẹ́ 22½ ní ìsàlẹ̀ nígbà tá a fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó sì nípọn tó ínṣì 3.

Ẹ wọn tiyín. Mo tún un sọ, ẹ wọn tiyín. Bí ẹni tó ṣẹ́ ẹ bá fún un dáadáa, ó máa kéré. Bó bá ṣẹ́ ẹ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó máa tóbi. Ẹ má gba ìwọ̀n tẹ́ ẹ rí nínú fídíò kan kẹ́ ẹ wá gé igi lé e lórí.

Ibi tá a ti ba pákó jẹ́

Pákó méjì la ní, mo ti sọ ọ́. A ba àkọ́kọ́ jẹ́.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Igun ìsàlẹ̀ àpótí jẹ́ 45. Tí pákó méjì bá fẹ́ pàdé níbẹ̀ kí ojú ìpàdé wọn má hàn, kálukú á gba ìdajì, ìyẹn 22½. A yí ayùn iná sí 22½, a gé e, inú wa dùn. Nígbà tá a kó wọn jọ, igun náà ṣí gbàù. Irú igun tí wọ́n fi ń kan tábìlì onígun mẹ́jọ la gé.

Àṣìṣe wa rèé. Odo ayùn túmọ̀ sí gígé tó tọ́, tó dá pákó sí méjì ní 90 dígírì. Ká tó lè rí orí pákó tó mú ní 22½, ayùn ní láti tẹ̀ kúrò ní odo títí dé 67½. Ọ̀pọ̀ ayùn iná kì í tẹ̀ ju nǹkan bíi 45 lọ. Àwọn ọ̀gá káfíńtà mọ ọgbọ́n rẹ̀. Wọ́n á de pákó ní òró mọ́ igi mìíràn, kí ayùn lè gé e láti orí. Àmọ́ bí ayùn bá fà á mọ́ yín lọ́wọ́, ìka lẹ máa fi san án. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mú ayùn rí, ẹ má dán an wò.

Àǹtí jáde wá sí gáréèjì, wọ́n rí igi tá a ti bà jẹ́ nílẹ̀. Wọn ò bá wa wí. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, Dádì yín kì í gé igi lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Á sùn lé e." Bẹ́ẹ̀ la ṣe pa iná gáréèjì, a lọ sùn.

Ọ̀nà tó rọrùn

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi yà á sórí ìwé. Ẹ wò ó: dípò kí pákó ìsàlẹ̀ bá ẹsẹ̀ méjèèjì pàdé ní igun mímú, ẹ jẹ́ kí pákó ìsàlẹ̀ gùn jáde díẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wá dúró lé e lórí bí òrùlé ṣe ń dúró lórí ògiri. Gbogbo gígé wá di 45, gbogbo ayùn ló sì lè ṣe é. Kódà ayùn ọwọ́ àti àpótí ìgégi onígi tí wọ́n ń tà fún àwọn tó ń ṣe férémù lè ṣe é.

Ìwọ̀n tiwa rèé. Àsíá jẹ́ 22½ ní ìsàlẹ̀, a fi ìdajì ínṣì kún un kó lè rí àyè, inú àpótí wá di 23. Ẹ fi 1.414 pín 23, ẹ máa rí 16¼. Ìyẹn ni gígùn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú inú. Pákó wa nípọn ní ¾ ínṣì. Nígbà tí orí méjèèjì bá jẹ́ 45, ojú ìta máa ń fi ìlọ́po méjì ìnípọn pákó gùn ju ojú inú lọ, ìyẹn 1½. Nítorí náà, ojú ìta jẹ́ 17¾. Àwọn gígé méjèèjì kò dojú kọ ibì kan náà. Wọ́n fà sún mọ́ra lápá inú. Ẹ fi pẹ́ńsùlù yà á sórí pákó kẹ́ ẹ tó tan ayùn.

Pákó ìsàlẹ̀ jẹ́ ínṣì 27, ó sì gbà gígé tó tọ́ lásán. Ó jáde síta ní bí ínṣì kan lápá kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ gbogbo rẹ̀ kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Pákó kan péré tó ṣẹ́kù sì gba gbogbo rẹ̀.

Pákó tí wọ́n ń pè ní 1×6 ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ínṣì 1 àti 6 lóòótọ́. Tí wọ́n bá ti fá a tán, ¾ àti 5½ ló ń jẹ́. A là á ní òró, ó ku fífẹ̀ 4. A fi èyí tó ṣẹ́kù ṣe ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tá a fi di Perspex mú.

Bí a ṣe kó o jọ

Ẹ kọ́kọ́ kó o jọ láìsí gúlù. Ẹ fi téèpù bébà dè é. Kí igun òkè jẹ́ 90 gẹ́lẹ́. Ẹ tú àsíá jáde nínú ọ̀rá pẹ̀lú ọwọ́ mímọ́ tó gbẹ, ẹ gbé e sínú rẹ̀. Bó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ tì í, ẹ gbé e jáde padà, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gúlù.

Ojú igi tí wọ́n gé ní 45 máa ń mu gúlù bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi. Ẹ fi gúlù fẹ́ẹ́rẹ́ kan pa á, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mu ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ tó pa èyí tó máa dì í mú. Ẹ tún fi sùkúrù gun un láti abẹ́ pákó ìsàlẹ̀ sínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ lò èyí tó jẹ́ ínṣì 1¼, kò gbọdọ̀ gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ sì gbé e sún mọ́ apá inú. Bó bá sún mọ́ ìta, orí rẹ̀ á yọ ní ẹ̀gbẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kí igi má baà là. Ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Lẹ́yìn tó bá gbẹ, ẹ lẹ ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú yíká ní iwájú, ẹ gbé Perspex lé e láti ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mìíràn dì í. Iṣẹ́ ọ̀pá kejì yìí ni pé kí aṣọ má baà fara kan Perspex. Ní ẹ̀yìn, ẹ gé páìwúùdù ¼ ínṣì bí ìwọ̀n ìta àpótí, kẹ́ ẹ fi sùkúrù kéékèèké dè é. Ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́ o! Ọjọ́ kan á wà tí ẹnì kan nínú ẹbí máa fẹ́ mú àsíá náà jáde.

Ohun tó ń pa aṣọ

Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni oòrùn. Búlúù máa ń ṣá. Ẹ ra Perspex tó ń dá ìtànṣán oòrùn dúró, kẹ́ ẹ má sì gbé àpótí sí ojú fèrèsé. Ìkejì ni igi fúnra rẹ̀. Igi, pàápàá oak, máa ń tú èéfín kíkan jáde díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń sọ aṣọ di aláwọ̀ ìyeyè bó bá pẹ́. Ẹ fi fáníìṣì kun inú bẹ́ ẹ ṣe kun ìta, ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán títí tí kò fi ní rùn mọ́, kẹ́ ẹ sì fi aṣọ òwú funfun tẹ́ ẹ ti fọ̀ tẹ́ inú rẹ̀. Ìkẹta ni irin. Ẹ má fi mẹ́dàlì tàbí ike orúkọ gún ara àsíá. Idẹ á dípẹtà, á sì fi àbàwọ́n sílẹ̀. Ẹ ṣe àyè ọ̀tọ̀ fún mẹ́dàlì.

Àti èyí tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ẹ má gbé àsíá ìsìnkú kọ́ síta. Òwú rẹ̀ kò lè fara da òjò àti atẹ́gùn.

Bó ṣe parí

Ọ̀sẹ̀ méjì tá a fi ń dúró de fáníìṣì, àpótí náà wà lórí tábìlì gáréèjì lófìfo. Lọ́jọ́ kan, Ìyá àgbà gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ìta. Wọ́n dúró.

Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń kàn?"

Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ilé ni mà. Ilé àsíá Dádì."

Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí pákó ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni tó ń wá ibi tí kò dán. Wọ́n bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé pákó tí bàbá rẹ̀ rà nìyẹn. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni mà. Wọ́n wọlé lọ.

Lọ́jọ́ tá a gbé àsíá náà sínú rẹ̀, àwa mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi àti èmi. Àǹtí fẹ́ kí àpótí wà ní pálọ̀. A ní ká fi sí yàrá wọn, nítorí Ìyá àgbà. Ìyá àgbà fúnra wọn ló dáhùn láti ẹ̀yìn wa. Wọ́n ní, "Ẹ gbé e sí pálọ̀. Ọmọ mi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń fi sínú kọ́bọ́ọ̀dù." Wọ́n jókòó síwájú rẹ̀, wọ́n sì fi oríkì ọmọ wọn pè é, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwa yòókù jáde, a fún wọn láyè.

Mi ò ní sọ fún yín pé igi àti gúlù ló wo ọgbẹ́ ọkàn ìyá. Wọ́n ṣì ń sunkún. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tá à ń fi pamọ́ fún wọn nínú ilé yẹn mọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ohun kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tiyín náà: fìlà, agbádá, ìwé ẹ̀rí, aago. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sùn lé e, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gé igi. Bẹ́ ẹ bá kan tiyín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, kẹ́ ẹ sì fi voice note sọ ìtàn ẹni tó ni ín. A máa gbé díẹ̀ nínú wọn jáde nínú ètò tó ń bọ̀.

Ó dàbọ̀ ná. Ẹ tọ́jú ìka yín lọ́dọ̀ ayùn o.